OHUN TÍ ILÉ Ẹ̀KỌ́ Ń RÀ

Àsọyé lórí òwò òdodo, tí a sọ ní ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́

 

Nígbà tí àwọn olórí ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín máa retí pé a ó sọ ti ìwé kíkà, ti ìdánwò, tàbí ti ìwà àwọn ọmọ ìwòyí. A ti sọ ìwọ̀nyẹn tó. Ohun tí a fẹ́ gbé síwájú yín lónìí ni owó tí ilé ẹ̀kọ́ ń ná: oúnjẹ tí a ń sè fún àwọn ọmọ, aṣọ tí a ń wọ̀ fún wọn, tíì àti kòkó tí a ń pò fún àlejò, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní pápá. Ta ni ó ṣe wọ́n? Èló ni a san fún ẹni tí ó ṣe wọ́n? Ǹjẹ́ ẹni náà rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ jẹ níbẹ̀?

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ akápò ni èyí, tí kò kan olùkọ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ mọ̀ pé ohun tí ọmọ ń rí ní ilé ìdáná àti ní yàrá ìkẹ́rùsí ilé ẹ̀kọ́ a máa kọ́ ọ ju ohun tí a kọ sára pátákó lọ. Bí a bá kọ́ ọmọ ní òdodo láàárọ̀, tí a sì fún un ní oúnjẹ tí a fi ìrẹ́jẹ rà lọ́sàn-án, èwo nínú ẹ̀kọ́ méjèèjì ni yóò mú lọ sílé?

Ẹ jẹ́ kí á ti ilé bẹ̀rẹ̀, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa pé kòkó ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìgbà tí J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá oko kòkó ní Agége, tí àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ sì gbé ìmọ̀ náà padà sí ìlú wọn, owó kòkó ni a fi ń san owó ilé ìwé, òun ni a fi ń rán ọmọ lọ sí òkè òkun. Ní 1947 ìjọba dá Ìgbìmọ̀ Ọjà Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954 ìgbìmọ̀ ti Ìwọ̀ Oòrùn gba iṣẹ́ náà ní agbègbè tiwa. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí òun fúnra rẹ̀ dá, òun ni ó sì ń tà á ní òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí ó tà á pọ̀ ju iye tí ó san fún àgbẹ̀ lọ fíìfíì. A ní a ń tọ́jú ohun tí ó ṣẹ́kù de ọjọ́ tí ọjà bá kú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a kó sínú iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní 1955, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1962, nígbà tí a parí Ilé Kòkó ní Ìbàdàn ní 1965, òógùn àgbẹ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀.

A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ńlá náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tí ó jókòó níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà sọ di ènìyàn. A sọ ọ́ kí a lè mọ ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Àgbẹ̀ gba iye tí ó kéré kí ọmọ lè kàwé. Ọmọ kàwé tán, ó di akápò ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń wá ẹni tí yóò ta iṣu fún un ní iye tí ó kéré jù lọ. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí owó orí wúwo tí iye kòkó kò sì tó nǹkan, àwọn àgbẹ̀ dìde ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ nínú ìjà tí a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà. Orúkọ náà nìkan tó ẹ̀kọ́: àgbẹ̀ ni ó kọ ìyà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà òde òní lásán ni kí ẹni tí ń ra ọjà béèrè ọwọ́ tí ó ṣe é. Ní 1791, nígbà tí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fi òpin sí òwò ẹrú, ọkùnrin kan tí a ń pè ní William Fox tẹ ìwé kékeré kan jáde, tí ó fi rọ àwọn ará ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ ṣúgà tí ọwọ́ ẹrú ṣe mọ́. Thomas Clarkson ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó pa ṣúgà náà tì. Àwọn obìnrin, tí òfin kò fún ní ìbò, ṣe gudugudu méje nínú iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn ni wọ́n ń ra nǹkan sílé. Òfin tí ó dá òwò ẹrú dúró kò dé títí di 1807, èyí tí ó dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì kò sì dé títí di 1833. Ó yẹ kí ìtàn yìí wọ àwa Yorùbá létí, nítorí ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a kó àwọn ènìyàn wa lọ sí oko ìrèké ní Kúbà àti sí Bàhíà ní Bràsíìlì lọ́pọ̀ yanturu. Ilẹ̀ kan ń ronú pìwà dà, ilẹ̀ mìíràn sì ń ra ṣúgà olówó pọ́ọ́kú.

Kòkó pàápàá ní ìtàn irú èyí. Ilé iṣẹ́ Cadbury ní Bournville a máa ra kòkó láti erékùṣù São Tomé, tí ó wà lábẹ́ àwọn Potogí. Ní 1901 William Cadbury gbọ́ pé a ń kó àwọn ènìyàn láti Àǹgólà lọ síbẹ̀ bí ẹrú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alágbàṣe ni a ń pè wọ́n. Ní 1905 wọ́n rán Joseph Burtt lọ ṣe ìwádìí. Ọdún 1909 ni ilé iṣẹ́ náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣíwọ́ ríra kòkó São Tomé. Ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàrin ìgbọ́ àti ìṣíwọ́. Ẹ fi ọkàn sí iye ọdún yẹn. Ẹni tí ó ti gbọ́ tí kò sì tíì dá ọwọ́ dúró, owó rẹ̀ ṣì ń bá aninilára ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Àwọn tí ń tà náà ti fọhùn rí. Ní 1937 àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bá ara wọn dá àdéhùn kí wọ́n má baà máa fi owó lé ara wọn lórí. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ti kòkó wọn mọ́lé, wọn kò tà á títí di oṣù kẹrin 1938. Ní ìhà tiwa, Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà dìde lòdì sí àdéhùn náà. Ìgbìmọ̀ Nowell tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá ṣe ìwádìí dámọ̀ràn ní 1938 pé kí àdéhùn náà kásẹ̀ nílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òtítọ́ ni èyí fún ẹni tí ń tà, òtítọ́ ni fún ẹni tí ń rà pẹ̀lú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ohun tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti ṣe ní ìgbà tiwa. Ní 1988 ní ilẹ̀ Hóláńdì ni a kọ́kọ́ fi àmì òwò òdodo sára ọjà, a sì pe àmì náà ní Max Havelaar. Ní 1992 a dá Fairtrade Foundation sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjà àkọ́kọ́ tí ó gba àmì rẹ̀ sì dé ọjà ní 1994. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro. A dá iye kan tí ó kéré jù tí a gbọ́dọ̀ san fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, bí ọjà tilẹ̀ wó lulẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a fi owó àlékún kan sí i, tí ẹgbẹ́ náà yóò jùmọ̀ pinnu bí a ó ti ná an: kànga ni o, ilé ẹ̀kọ́ ni o, ọ̀nà oko ni o. Iye wọ̀nyí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù kẹwàá 2019 a gbé ti kòkó dé 2,400 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, àlékún rẹ̀ sì jẹ́ 240 dọ́là. Ẹnìkan lè wí pé ní 2024 iye kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, kí ni a tún ń fi iye tí ó kéré jù ṣe? Ìdáhùn wa ni pé a kì í tún òrùlé ṣe nítorí ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí òjò ni. Àgbàlagbà tí ó gbin kòkó mọ̀ pé ohun tí ó gòkè yóò tún sọ̀ kalẹ̀.

Ní Gánà, ní 1993, àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Kuapa Kokoo, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe àgbẹ̀ kòkó rere. Ohun tí ó dùn mọ́ wa jù nínú ìtàn wọn ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń yan ẹni tí yóò wọn kòkó ní abúlé wọn, kí ìwọ̀n má baà parọ́ mọ́ wọn. Ní 1998 a dá ilé iṣẹ́ ṣokoléètì Divine sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbẹ̀ náà sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹni tí kò tọ́ ṣokoléètì wò rí wá di ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì àwọn tí ń pín èrè rẹ̀.

Irú ọjà báyìí ni ilé ẹ̀kọ́ gíga Oxford Brookes pinnu láti máa rà, tí ó fi di yunifásítì àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí a fún ní orúkọ Yunifásítì Fairtrade, ní 2003. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Wisconsin ti ìlú Oshkosh ni ó kọ́kọ́ gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ní 2008. Ohun tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ju agbára lọ: kí a kọ ìpinnu náà sílẹ̀, kí ọjà òwò òdodo wà ní gbogbo ìsọ̀ inú ọgbà, kí tíì àti kọfí tí a ń bù ní ìpàdé jẹ́ irú rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀ sì máa bójú tó o. Ẹ kíyèsí i pé kíkọ sílẹ̀ ni ó ṣáájú. Ìpinnu tí a kò kọ sílẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀gá tí ó ṣe é bá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni ó kú.

Ọ̀rọ̀ aṣọ le ju ti oúnjẹ lọ. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ àti àmì yunifásítì jẹ́ ohun tí a ń tẹ̀ sára aṣọ tí a sì ń tà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá pé: ta ni ó rán aṣọ tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa wà lára rẹ̀? Ní 2000 ni a dá àjọ kan sílẹ̀, Worker Rights Consortium, tí àwọn yunifásítì ń san owó fún kí ó máa wọ ilé iṣẹ́ àwọn aránṣọ lọ wò. Ní 2009 ilé iṣẹ́ Russell Athletic ti ibi ìránṣọ kan pa ní Honduras lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì fagi lé àdéhùn tí wọ́n ní pẹ̀lú ilé iṣẹ́ náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kí ọdún náà tó parí, ilé iṣẹ́ náà gbà láti ṣí ibi ìránṣọ tuntun ní Honduras, kí ó sì gba nǹkan bí 1,200 òṣìṣẹ́ padà. Kì í ṣe ìjọba ni ó fi ipá mú un. Àwọn tí ń rà ni.

Ibi tí a kò ti béèrè, ẹ̀mí ni ó lọ sí i. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí a ń pè ní Rana Plaza wó ní Bangladesh, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,100, aránṣọ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ó ti sán ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, a ti rí i. Síbẹ̀ a pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Olówó pọ́ọ́kú ni àwọn aṣọ tí wọ́n ń rán, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìdí rẹ̀.

A kò ní jẹ́ olóòótọ́ bí a bá sọ pé àmì kan lè wẹ gbogbo nǹkan mọ́. Ní 2014, àwọn onímọ̀ láti SOAS ní Yunifásítì London tẹ ìwádìí jáde tí wọ́n ṣe ní Etiópíà àti Ùgáńdà. Wọ́n rí i pé owó alágbàṣe ní àwọn ibi tí àmì Fairtrade wà kò dára ju ti ibòmíràn lọ. Àgbẹ̀ tí ó ní oko lè jèrè, kí ẹni tí ó bá a roko má rí nǹkan. Bákan náà, ìwádìí tí Yunifásítì Chicago gbé jáde ní 2020 ṣírò pé àwọn ọmọdé 1.56 mílíọ̀nù ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé nínú oko kòkó ní Ivory Coast àti Gánà. Nítorí náà, àmì dára, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ojú. Àwa tí oko kòkó wà lẹ́yìn ilé wa kò ní àwáwí. A lè lọ síbẹ̀ kí a fi ojú ara wa rí i.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ràn ọ̀nà tí àwọn ará Bràsíìlì gbà. Nígbà tí wọ́n ṣe Òfin 11.947 ní 2009, ó pàṣẹ pé, nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́, ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìdílé. Ó fi àwọn kan ṣáájú: àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ilẹ̀ fún, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àkọ́kọ́, àti àwọn ará quilombo, èyíinì ni àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí a kó láti Áfíríkà. A kò sọ pé kí wọ́n máa bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá díje lórí ẹni tí yóò tà á ní iye tí ó kéré jù. Iye tí nǹkan ń lọ ní ọjà àdúgbò ni a fi ń bá wọn dúnàádúrà. Ní ilé tiwa, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ètò O'Meals kalẹ̀ ní 2012, ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016. Èrò inú méjèèjì ni pé kí oúnjẹ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti oko tí ó yí i ká wá, kí àwọn obìnrin àdúgbò sì máa sè é. Èrò náà dára. Ọwọ́ tí a fi ń mú un ni ó kù kí a máa ṣọ́.

Kí ni a ń béèrè lọ́wọ́ yín? Ẹ̀yin ni ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú wa. Ẹ̀yin ni ẹ fún wọn nílẹ̀. Àwọn ọmọ yín ni ó ń jẹun níbẹ̀. Ohun mẹ́rin ni a ń dá lábàá.

Èkíní, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a ó máa kọ orírun gbogbo ohun tí ó ń rà sí: orúkọ ẹni tí ó tà á, ibi tí ó ti rí i, iye tí a san. A gba àwọn olùkọ́ níyànjú láti fi í ṣe iṣẹ́ ìṣirò fún àwọn ọmọ. Kò sí ìṣirò tí ó wúlò jù ú lọ.

Èkejì, kí a san owó ọlọ́jà kí oṣù tó parí. A mọ ilé ẹ̀kọ́ kan, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí obìnrin kan ń gbé gàrí wá fún, tí a sì ní kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ fún sáà méjì gbáko. Owó tí ó fi ń ra ẹ̀gẹ́ tán, ó yá ti ẹlòmíràn, èlé sì gbé èrè rẹ̀ mì. Ẹni tí ó jẹ tálákà ní gbèsè ti sọ tálákà di ẹni tí ń yá òun lówó.

Ẹ̀kẹta, kí òṣùwọ̀n wà ní gbangba. Gbogbo wa ni a mọ kóńgò tí a ti tẹ̀ nídìí, a sì ń bú ìyá ọlọ́jà tí ó ń lò ó. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí ń fi àpò ńlá gba iṣu ẹ̀gẹ́ lóko, tí ó ń san owó àpò kékeré, kóńgò tirẹ̀ dà?

Ẹ̀kẹrin, ohun tí a kò bá lè rà nílé, kí a béèrè àmì rẹ̀ àti ibi tí a ti ṣe é. Aṣọ tí a lè rí lọ́wọ́ ahunṣọ Ìṣẹ́yìn tàbí aláró Abẹ́òkúta, kí a má ṣe lọ ra ayédèrú rẹ̀ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, kí a wá fi ṣe ọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ tí a ń yin àṣà wa.

A ti gbọ́ ohun tí akápò yóò wí: yóò wọ́n jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní 400 ọmọ, tí gàrí tí a rà ní iye òdodo sì fi 20 náírà lé owó ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, 8,000 náírà ni ilé ẹ̀kọ́ yóò fi kún un. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti ń san 8,000 náà tẹ́lẹ̀? Obìnrin tí ń yan gàrí ni. Òun nìkan ni ó ń dá a san, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti inú oúnjẹ àwọn ọmọ tirẹ̀. Ohun tí a pè ní olówó pọ́ọ́kú, ẹnìkan ti san èyí tí ó kù. A kò kàn rí ojú rẹ̀ ni. Bí ó bá sì wúwo láti ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a mú ọjà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn baba wa ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Ọmọ àgbẹ̀ tí a rẹ́ jẹ ni ó ń jókòó nínú kíláàsì wa ní ọjọ́ tí ó bá rí owó ilé ìwé. Ní ọjọ́ tí kò bá rí i, oko ni ó wà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń ra ọjà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní ìdajì owó, tí ó sì ń lé e sílé nítorí owó, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń tú ohun tí ó ń kọ́.

Nítorí náà a bẹ ẹgbẹ́ yìí pé, kí ìpàdé òní tó túká, kí ó yan ènìyàn márùn-ún, kí ìyá ọlọ́jà kan àti àgbẹ̀ kan wà lára wọn, tí yóò tọ àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlú wa lọ pẹ̀lú àbá mẹ́rin wọ̀nyí, kí wọ́n sì jábọ̀ fún wa ní oṣù mẹ́ta sí àkókò yìí.